Funfun kánfáàsì, funfun ààrò: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà wa ní Abuja

Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ ọnà ní Abuja, láti Kubwa títí dé Karu, kì í dúró sórí iṣẹ́ kan. Ẹni tí ń kun kánfáàsì lónìí lè máa mọ ìkòkò lọ́la, nítorí owó ilé àti nítorí ìfẹ́ iṣẹ́. Kò burú. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n máa ń gbé ohun tí wọ́n mọ̀ nípa funfun láti inú iṣẹ́ kan wọ inú èkejì. Titanium tí ó funfun báláú lórí kánfáàsì lè jáde nínú ààrò bí ògì bàbà. Zinc tí ń ran gíléèsì, ohun dídán tí wọ́n ń fi bo ara ìkòkò, lọ́wọ́ láti yọ́ náà ni ó ń mú kí ọ̀dà olóròóró sán bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Orísun yìí ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ ti wá.

Rírà funfun láì ka ẹ̀yìn túùbù

Ẹni tí ó bá dé ọjà tí ó ní òun fẹ́ “ọ̀dà funfun” yóò gba èyí tí ó bá wà nílẹ̀. Àmì kékeré tí ó wà lẹ́yìn túùbù ni kí ẹ wò: PW6 ni titanium, PW4 ni zinc, PW1 ni òjé.

Titanium ló lágbára jù láti bo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò tíì ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí ó dé ọjà, kíá ló sì gba ipò lọ́wọ́ òjé. Zinc ti wà ṣáájú rẹ̀; ilé iṣẹ́ ọ̀dà Winsor & Newton ti ń tà á fún àwọn tí ń fi ọ̀dà olómi ya àwòrán láti 1834. Funfun rẹ̀ tutù, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé ojú lè là á kọjá. Nínú ọ̀dà olómi, kò ní ìjà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Nínú òróró linseed tí wọ́n fi ń po ọ̀dà olóròóró ni ó ti ń le gan-an, tí kò ní lè tẹ̀ mọ́ nígbà tí kánfáàsì bá ń fà tí ó ń sún, tí yóò wá sán, tí yóò sì máa ṣí bí èèpo. Kì í tètè hàn, ìdí nìyẹn tí àwọn tí ń lò ó fi ń búra pé àwọn kò rí àléébù kankan. Nígbà tí ó bá máa hàn, pálọ̀ oníbàárà ni àwòrán náà máa wà. Ẹ tún ṣọ́ra fún túùbù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ titanium white gàdàgbà sí níwájú, tí PW4 àti PW6 sì jọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti òjé, mo mọ̀ pé àwọn kan ń yìn ín pé ó rọ̀, ó sì ní ọ̀yàyà, àti pé òun ni àwọn ayàwòrán Yúróòpù àtijọ́ lò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò fi yàrá kan náà ṣe ibi iṣẹ́ àti ibi tí ọmọ ń sùn? Ní Zamfara ní 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti rí wúrà pa ọmọ tí kò dín ní 400. Ẹ fi òjé sílẹ̀, yálà lórí kánfáàsì tàbí nínú gíléèsì àwo oúnjẹ.

Fífi funfun la gbogbo àwọ̀

Bí àwọ̀ bá ṣókùnkùn, ọwọ́ kì í pẹ́ kó tó nà sí funfun. Titanium kì í ṣe oníwọ̀ntúnwọ̀nsì: ẹ̀kán díẹ̀ rẹ̀ ti tó láti sọ pupa di pínǹkì, láti sọ òféèfèé di tútù, láti sọ àwọ̀ ilẹ̀ di nǹkan tí ó dà bíi pé wọ́n bu ẹfun lù. Tí gbogbo igun àwòrán bá ti gba funfun tirẹ̀, kò sí ibi tí funfun gan-an á tún ti tàn. Bí ẹ bá fẹ́ kí pupa mọ́lẹ̀ sí i, ẹ kọ́kọ́ fi òféèfèé díẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ fẹ ọ̀dà náà kí funfun ìpìlẹ̀ kánfáàsì lè tàn láti abẹ́. Ọ̀nà kejì yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò ná ẹnikẹ́ni lówó.

Pípe funfun lásán ní ààyè

Àwòrán afòyemọ̀, èyí tí kò ya ojú èèyàn tàbí igi, ni àṣìṣe yìí ti máa ń pọ̀. Wọ́n á yí rólà funfun kan káàkiri kánfáàsì, wọ́n á fi àwọ̀ mẹ́ta sí àárín, wọ́n á ní funfun tó kù jẹ́ “ààyè”. Ààyè tí kò ní ìwà ni.

Ní 1918, Kazimir Malevich ya igun mẹ́rin funfun kan tí ó yẹ̀ díẹ̀ sórí funfun mìíràn. Àwòrán náà wà ní Museum of Modern Art ní New York. Ohun tí ó mú kí ojú rí igun náà ni pé funfun rẹ̀ tutù, funfun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní ìgbóná díẹ̀, àti pé ọwọ́ ló fa etí rẹ̀, kì í ṣe rúlà. Robert Ryman ará Amẹ́ríkà fi ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún kun funfun, ó ń pààrọ̀ ohun tí ó ń kùn sí, ó ń pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì, àní bí wọ́n ṣe so àwòrán mọ́ ògiri náà wà lára iṣẹ́ rẹ̀.

Kò sì yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Àlà, efun àti ṣẹ́ṣẹ́ẹ̀fun tí wọ́n ń kó jọ fún Ọbàtálá, funfun ni gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tí yóò pe ọ̀kan ní èkejì: ọ̀kan jẹ́ òwú, ọ̀kan jẹ́ ìyẹ̀fun ilẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí ń dán. Ẹ gbìyànjú irú rẹ̀ lórí kánfáàsì. Ẹ fi èyí tí kò dán sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ń dán, ẹ kán àwọ̀ ilẹ̀ bíńtín sínú ìkẹta. Ojú ọ̀sán ni kí ẹ sì ti wò ó, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù.

Ọ̀dà ilé lábẹ́ àwòrán

Ẹ̀míṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú láti ọjà Dei-Dei, ẹfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, lẹ́ẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Bí ọwọ́ yín bá funfun, ohun tí ẹ bá kùn sórí rẹ̀ kò ní dúró. Gẹ́sò gidi, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún kánfáàsì, wọ́n, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó dín owó ju kí oníbàárà dá iṣẹ́ padà lọ. Ẹ má sì kun akírílíìkì tàbí ẹ̀míṣọ̀n sórí ọ̀dà olóròóró láé. Ohun mìíràn: òróró linseed máa ń pọ́n nínú òkùnkùn, nítorí náà ẹ má kọjú àwòrán funfun sí ògiri fún oṣù mẹ́fà. Bó bá ti pọ́n, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Púpọ̀ nínú funfun rẹ̀ á padà.

Efun lórí amọ̀ pupa

Níbí gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Amọ̀ àyíká wa pupa rúsúrúsú nítorí irin tó wà nínú rẹ̀, efun tó dára sì wà ní òkè ọya: Kankara ní Katsina, Alkaleri ní Bauchi. Àwọn Hausa tí ń tà á ń pè é ní farar ƙasa. Ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n á po efun mọ́ omi lásán, wọ́n á fi kun ìkòkò tó ti gbẹ, wọ́n á sun ún. Tó bá jáde, wọ́n á rí i pé ó ń yọ lọ́wọ́ bíi ṣọ́ọ̀kì. Efun kì í yọ́ àfi tí iná bá kọjá 1,700°C; ní nǹkan bí 1,000°C tí ọ̀pọ̀ ààrò wa ń dé, ìyẹ̀fun ni ó ṣì jẹ́. Ó nílò ohun mìíràn tí ń yọ́ nínú irú iná bẹ́ẹ̀ kí ó lè di ara ìkòkò mú, ó sì nílò amọ̀ tó fà díẹ̀ nínú kí òun àti ìkòkò lè jọ máa sún kì.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Ìkòkò ti le, ṣùgbọ́n ó ṣì tutù lọ́wọ́: ìgbà yẹn ni kí ẹ fi ẹrẹ̀ funfun tí ẹ fi efun pò yìí kùn ún. Bí ó bá ti gbẹ pátápátá, ó ti sún kì tán. Ẹrẹ̀ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa sún kì ni, á sì já bọ́. Bí ẹ bá kùn ún fẹ́lẹ́, irin yóò yọ láti abẹ́, pàápàá ní etí àti ní ìdí ọwọ́ ìkòkò. Bí ẹ bá kùn ún nípọn, á ṣí.

Ladi Kwali, obìnrin Gbari tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà, ní ọ̀nà tí ó gbọ́n jù. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò Michael Cardew ní 1954 ní Suleja, ìlú tí ń jẹ́ Abuja kí ìjọba tó gba orúkọ náà fún olú ìlú tuntun ní 1976. Kò du láti bo amọ̀ mọ́lẹ̀. Ó fín alángbá, ejò àti àkekèé sára ìkòkò, ó fi ẹrẹ̀ funfun kún inú ìlà, gíléèsì tó ń jẹ́ kí ojú rí abẹ́ rẹ̀ sì bò ó. Funfun díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n dúdú àti ewé tó yí i ká ló mú un sọ̀rọ̀.

Gíléèsì funfun àti aládùúgbò rẹ̀

Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, àwọn amọ̀kòkò Basra ní Iraq fi gíléèsì onítin bo amọ̀ wọn kí ó lè jọ àwo China. Tin yẹn ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wà nílẹ̀ ní Jos. Ìdá 5 sí 10 nínú 100 ti tó láti sọ gíléèsì di funfun tí ojú kò là kọjá. Zircon, èròjà mìíràn tí ń sọ gíléèsì di funfun, dín owó, ṣùgbọ́n ẹ máa nílò tó ìdá 10 sí 15, funfun rẹ̀ sì le díẹ̀ lójú. Ẹni tó bá fi titanium rọ́pò wọn lórí amọ̀ pupa, ìgbà yẹn ni ògì bàbà tí mo sọ lókè á jáde, nítorí irin inú amọ̀ á wọ inú rẹ̀.

Ẹ má sun àwo funfun onítin pẹ̀lú ìkòkò tí wọ́n fi chrome sọ di àwọ̀ ewé nínú ààrò kan náà. Chrome máa ń di èéfín nínú iná ńlá, tin á fà á mọ́ra, ẹ̀gbẹ́ àwo yín tó kọjú sí ìkòkò náà á sì di pínǹkì. Bí zinc bá sì wà nínú gíléèsì tí ẹ fi chrome sí, ewé tí ẹ ń retí lè di àwọ̀ ilẹ̀. Ààrò kọ́ ló bà á jẹ́, ẹ má bá ẹni tó ń da gáàsì jà.

Ìdọ̀tí àti ọyẹ́

Asẹ́ tó ti dógùn-ún, páànù irin, ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ po amọ̀ pupa: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á fi àmì dúdú sínú funfun yín. Ẹ ya garawa ike kan sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi pọn omi. Nígbà ọyẹ́, eruku láti Bodélé ní Chad á dé Abuja, á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà olóròóró tí kò tíì gbẹ. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ ta bò ó láì kàn án. Ẹ fi ọ̀rá bo ìkòkò tútù pẹ̀lú, nítorí ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń kọlù á gbẹ ṣáájú ẹ̀gbẹ́ kejì, á sì là.

Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ìyẹ̀fun efun tàbí ti feldspar, òkúta lílọ̀ tí wọ́n ń fi sínú gíléèsì. Silica, eruku òkúta kíkúná inú wọn, máa ń dúró nínú ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ilẹ̀, kí ẹ wọ ìbòmú tó dí dáadáa nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó wọ yàrá àwọn ọmọ.