Bí mo ṣe yanjú fọ́ńṣọ̀n olófin mẹ́ta

Ìbéèrè kan nínú iṣẹ́ àṣetiléwá mi gbà mí tó wákàtí kan. Fọ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo ni, ìyẹn ìlànà tó ń fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi sípò x ní ìdáhùn kan péré, àmọ́ òfin mẹ́ta ló wà nínú àkámọ́ rẹ̀:

2x + 5, bí x < −1
x², bí −1 ≤ x < 3
10 − x, bí x ≥ 3

Wọ́n ní kí n wá f(−4), ìyẹn ìdáhùn fọ́ńṣọ̀n náà bí x bá jẹ́ −4, àti f(−1.5), f(−1), f(3) àti f(f(2)).

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ki −4 bọ inú òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo rí −3, mo rí 16, mo rí 14. Ìdáhùn mẹ́ta fún ìbéèrè kan! Ó kù díẹ̀ kí n ro wọ́n pọ̀. Àṣé ọ̀rọ̀ "bí x" tí mo ń fojú fò yẹn gan-an ni mo yẹ kí n kọ́kọ́ kà. −4 kéré sí −1, òfin àkọ́kọ́ nìkan ló ni ín. Ìdáhùn rẹ̀ ni −3.

Mo wá fa ìlà òǹkà, mo sàmì sí −1 àti 3 lórí rẹ̀. Ìlà yìí ló gbà mí lọ́wọ́ −1.5, nítorí pé lójú mi, 1.5 ju 1 lọ, mo sì ti fẹ́ gbé e sí àárín. Bẹ́ẹ̀ apá òsì −1 ló wà. 2(−1.5) + 5 jẹ́ 2. Ká ní òfin kejì ni mo lò ni, 2.25 ni mi ò bá rí, ó sún mọ́ 2 débi pé mi ò ní fura rárá.

Ibi tí ààlà wà ló le jù. Òfin àkọ́kọ́ kò gba −1 fúnra rẹ̀, torí pé kò sí ìlà lábẹ́ àmì rẹ̀. Òfin kejì ló gbà á, nítorí náà f(−1) = 1. Bí àwọn méjèèjì bá jọ gbà á ni, ọ̀kan á ní 3, èkejì á ní 1, kò sì ní jẹ́ fọ́ńṣọ̀n mọ́. Bákan náà, òfin kẹta ló ni 3: 10 − 3 = 7, kì í ṣe 9.

Ó wá ku f(f(2)), níbi tí a ti máa wá f(2), ká tún fi ìdáhùn rẹ̀ sípò x. Àárín ni 2 wà, nítorí náà f(2) = 4. Ibẹ̀ ni ìwàǹwára ti mú mi: níwọ̀n ìgbà tí mo ti wà nínú òfin kejì, mo kàn ní 4 lọ́nà 4, mo kọ 16. Ìgbà tí mo padà wo ìlà òǹkà mi ni mo rí i pé 4 ti kọjá 3. Nọ́ńbà tuntun ni, ó sì yẹ kí n tún òfin yàn fún un. Mo pa 16 rẹ́, mo fi 10 − 4 rọ́pò rẹ̀, ó jẹ́ 6.