Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dá ìfètò-sọ́mọ-bíbí dúró
Ẹ̀yin obìnrin inú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá ti lo oògùn oníhóró tàbí abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọdún pípẹ́, tó wá fẹ́ dá a dúró, kó má retí pé nǹkan oṣù máa tò geere lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó kọ́kọ́ wá lẹ́yìn hóró tẹ́ ẹ lò kẹ́yìn kì í ṣe nǹkan oṣù gangan; bí hòmóònù, ìyẹn èròjà tó ń darí nǹkan oṣù, ṣe já wálẹ̀ ló fà á. Ojúlówó nǹkan oṣù lè gbà tó oṣù kan sí mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta ló ń pẹ́ jù, ó lè tó ọdún kan.

Ibi tó ti ń bá ọ̀pọ̀ lójijì rèé: ẹyin máa ń jáde kí ẹ̀jẹ̀ tó wá. Èèyàn lè lóyún láì tíì rí nǹkan oṣù kankan. Ẹni tí kò bá fẹ́ oyún, kó ti ní kọ́ńdọ̀mù nílẹ̀.

Inú rírun tẹ́ ẹ máa ń ní tẹ́lẹ̀ nígbà nǹkan oṣù lè padà, torí oògùn náà kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. (Ẹni tó bá ní oògùn náà ti ba ilé ọmọ yín jẹ́, ẹ má dá a lóhùn.) Ẹ máa kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó dá sílẹ̀. Tí oṣù mẹ́ta bá kọjá lẹ́yìn oògùn oníhóró láì rí i, ẹ yẹ oyún wò, kẹ́ ẹ sì lọ rí dókítà. Àmọ́ tí páàdì bá ń rin gbingbin láàárín wákàtí kan, léraléra, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ.