Bí mo ṣe yọ kọnẹ́kítọ̀ họ́ọ̀sì hítà tó ṣẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì Tahoe

Kọnẹ́kítọ̀ tí kò ju $12 lọ ni ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì torí ẹ̀ ní kí n mú $480 wá. Wọ́n tún fi kún un pé bó bá ṣẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, owó á gòkè sí i. Inú bí mi gidigidi. Họ́ọ̀sì ò bẹ́, ẹ́ńjìnnì ò gbóná jù. Kúláǹtì, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, ló kàn ń kán tó, tó, tó sílẹ̀. Mo gbé ọkọ̀ padà wálé, mo sì ṣe é fúnra mi. Iṣẹ́ tó yẹ kó jẹ́ ti wákàtí kan gba Sátidé méjì lọ́wọ́ mi, torí pé ohun tí ṣọ́ọ̀bù ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀ sí èmi náà.

Chevrolet Tahoe ọdún 1998 ni, ẹ́ńjìnnì 5.7 Vortec. Kọnẹ́kítọ̀ yìí ló so họ́ọ̀sì hítà mọ́ intake manifold, apá tó ń pín afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Alumíníọ́mù ni manifold, kọnẹ́kítọ̀ sì jẹ́ irin mìíràn tó rọ̀, tí wọ́n yọ́ dà. Bí irin méjì tí kò jọra bá jọ wà nínú kúláǹtì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀kan á máa jẹrà, ìdí tírẹ́ẹ̀dì (ìlà tí wọ́n fi ń yí i wọlé) á funfun bí ẹfun, wọ́n á sì gan mọ́ra. Ìdí nìyí tí kì í fi í fẹ́ tú.

Ẹni tó bá ti ń tún ọkọ̀ ṣe nílé mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí á tó ṣí ìdérí rédíétọ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbọn kúláǹtì sínú báàfù. (Ẹ bo báàfù náà o: ajá àti ológbò lè lá kúláǹtì, ó sì ń pa wọ́n.) Ní ti họ́ọ̀sì, ẹ fún etí kílíìpù rẹ̀ pọ̀, ẹ fà á, ó ti bọ́.

Mo fọ́n òróró ìpẹta, èyí tó ń wọ inú irin tó gan kó lè tú, sí ìdí kọnẹ́kítọ̀, mo dúró fún ìṣẹ́jú ọgbọ̀n péré, mo fi spánà mú un. Kò tíì yí dé ìdá mẹ́rin ìyípo tó fi dún kẹ́, tí orí rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ kù sínú manifold, ó ṣe déédéé pẹ̀lú ẹnu ihò, kò sí ibi tí páláyà lè dì mú.

Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní kí n ra extractor, irin tí wọ́n ń tì wọ inú ohun tó ṣẹ́ kí wọ́n lè yí i jáde. Mo ra á ní $20, ó sì dùn mí dòní. Ṣóńṣó ni orí extractor: bó ṣe ń wọlé ló ń ti irin rírọ̀ náà gbòòrò, tó túbọ̀ ń há a mọ́ alumíníọ́mù. Etí rẹ̀ ń rún wómúwómú, ìdí ò mira. Lẹ́yìn wákàtí méjì mo dáwọ́ dúró, torí pé bí extractor bá ṣẹ́ sínú ibẹ̀, irin rẹ̀ le débi pé dírílì lásán kò ní lè lu ú.

Ayùn irin ló gbà mí. Mo kọ́kọ́ ti àkísà tí mo so okùn mọ́ wọ inú ihò, kí èérún má bàa bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì; màgínẹ́ẹ̀tì ò lè gbé irú irin yìí. Mo yọ abẹ ayùn kúrò lára férémù, mo fi aṣọ wé ìdí rẹ̀, mo sì ń rẹ́ ẹ láti inú ihò bọ̀ síta. Ojú méjì ni mo rẹ́, wọn ò jìnnà síra. Ẹ máa dúró wò ó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì: bí ṣóńṣó tírẹ́ẹ̀dì manifold bá ti ń hàn, ẹ má rẹ́ ẹ mọ́. Mo wá fi ṣísẹ́ẹ̀lì tínrín gbá ààrin ojú méjèèjì sínú. Ó wó wọlé, ìyókù sì tú bí èèpo. Inú mi dùn débi pé mo pe aya mi wá wò ó.

Mo fa èérún jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a fi ń fa ìdọ̀tí kápẹ́ẹ̀tì, kí n tó yọ àkísà, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà kékeré fọ tírẹ́ẹ̀dì. Kọnẹ́kítọ̀ onídẹ ni mo fi rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tírẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi ọwọ́ yí i títí kó fi le, kí ẹ wá fi spánà fún un ní ìyípo kan àti díẹ̀. Ẹ má fi agbára jù bẹ́ẹ̀ lọ: tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń wọlé, ó lè la alumíníọ́mù.

Ká ní màá tún un ṣe, òróró ìpẹta á ti wà níbẹ̀ láti alẹ́ àná, àti pé bí kò bá tú ní ìgbà àkọ́kọ́, ayùn ló kàn. N kò ní fi owó ra extractor mọ́.

Kúláǹtì ìdajì, omi dísítílì ìdajì ni mo dà padà sínú rédíétọ̀, mo sì tan ẹ́ńjìnnì. Hítà wà ní gbígbóná jù lọ, ìdérí wà ní ṣíṣí láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ojú kúláǹtì inú ìgò ti lọ sílẹ̀ tó ìka kan. Mo fi kún un, kò sì tún lọ sílẹ̀ mọ́.