Kúndí ẹ̀dọ̀ àti fùkù fún ajá, láìsí iyọ̀, láìsí àlùbọ́sà

Ajá méjì ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí: Tanímọ̀la àti Bíńgò. Bíńgò kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n Tanímọ̀la kì í jókòó lásán. Àfi kó gbóòórùn nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Nítorí tiẹ̀ ni mo ṣe ń se kúndí yìí. Ìyá Ṣadé, tí wọ́n ń ta ògì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ní: "Ẹ̀dọ̀ lo fi ń kẹ́ ajá? Èmi ńkọ́?" Mo ní kí wọ́n má bínú, fùkù ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Fùkù náà ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ alápatà. Ní Ọjà Jagun, òwúrọ̀ ni mo máa ń lọ, kí eṣinṣin tó bo tábìlì. Kò wọ́n tó ẹ̀dọ̀, tó bá sì gbẹ, sísọ́ọ̀sì máa ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ ra ẹ̀dọ̀ díẹ̀ sí i nítorí òórùn rẹ̀ tí ajá fẹ́ràn. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ pọ̀ jù, fítámì A inú rẹ̀ pọ̀ gan-an, bí ajá bá ń jẹ ẹ́ lájẹjù fún ìgbà pípẹ́, egungun rẹ̀ ló máa bà jẹ́.

Ẹ yẹ ẹran náà wò dáadáa kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí àpò omi lára fùkù tàbí ẹ̀dọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ aràn ló wà nínú ẹ̀. Ajá tó bá jẹ ẹ́ ní tútù, aràn náà á dàgbà nínú ìfun rẹ̀, ẹyin aràn á máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, ènìyàn sì lè kó o. Èyí ni kò jẹ́ kí inú mi dùn sí àwọn alápatà tó máa ń gé ibi tí kò dára, tí wọ́n á jù ú sí ajá inú ọjà. Kí wọ́n dáná sun ún.

Tí ẹ bá délé, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé e pẹlẹbẹ, kó má nípọn jù. Omi lásán ni ẹ ó fi sè é. Tó bá ti hó, ẹ jẹ́ kó lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. Fùkù máa ń léfòó, nítorí náà ẹ fi àwo tó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Iyọ̀ kò sí níbẹ̀, magí kò sí, ata kò sí. Àlùbọ́sà àti aáyù ló burú jù: wọ́n máa ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa ajá jẹ́, sísè tàbí gbígbẹ kò sì mú oró yẹn kúrò. Ìdí nìyẹn tí ṣúyà àti ẹran inú ọbẹ̀ kò fi yẹ ajá. Ọmọ iṣẹ́ mi kan jí ọ̀kan nínú kúndí yìí jẹ, ó ní ẹni tó sè é kò mọ ọbẹ̀ sè.

Ẹ má da omi rẹ̀ nù. Tó bá tutù, ẹ dà á sórí ẹ̀bà wọn.

Àwọn kan máa ń sá ẹran tútù sínú oòrùn tààrà. Ọyẹ́ wa lè gbẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn kò gbóná tó láti pa kòkòrò àrùn. Ẹran màlúù gbọ́dọ̀ gbóná dé 71°C nínú lọ́hùn-ún, adìyẹ 74°C. Sísè ló ń ṣe ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tò ó sórí nẹ́ẹ̀tì wáyà, kó ga sí ẹ̀yinná, kí iná má là sí i. Èédú nìkan ni kí ẹ fi dá a. Ẹ má fi ọ̀rá tàbí táyà ràn án. Ẹ máa yí i padà. Ẹni tó bá ní ófùnù, 90°C, wákàtí méjì sí mẹ́ta, kí ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀.

Ẹ mú ọ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bó bá ṣì ń tẹ̀, omi ṣì wà nínú ẹ̀. Bó bá kán, ó ti gbẹ. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dé e sínú agolo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á làágùn, á sì bu. Nígbà òjò, inú fírísà ni tèmi máa ń wà, ìwọ̀nba tí a lè tètè jẹ tán ni mo sì máa ń ṣe, nítorí iná.

Tí ẹ bá ń kọ́ ajá ní "jókòó" tàbí "wá", ẹ gé e kó má ju èékánná ìka kékeré lọ, kí ẹ fún un ní kété tó bá ṣe é. Gbogbo ohun ìpanu ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ rẹ̀. Ajá tí kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ń dà láàmú, ẹ bi dókítà ẹran ná.