Bí A Ṣe Ń Fi Ajílẹ̀ Ààtàn Gbin Ẹ̀fọ́ Nínú Ọgbà Ilé

Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú ajílẹ̀ òyìnbó àti oògùn apakòkòrò nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ilẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ fi ebè méjì péré bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún tẹ̀tẹ̀, èkejì fún ẹ̀fọ́ gbọma. Ẹ má fọwọ́ kan ìyókù títí ajílẹ̀ yóò fi tó yín lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni ìgbẹ́ adìẹ. Wọn a gba àpò kan lọ́dọ̀ ọlọ́sìn adìẹ láàárọ̀, wọn a dà á sórí ebè nírọ̀lẹ́, nígbà tí yóò bá sì fi di ọjọ́ karùn-ún, etí ewé á ti gbẹ bí ẹni pé iná rà á. Ohun tó ń ta ẹni lójú nígbà tí a bá tú àpò náà gan-an ló ń jó gbòǹgbò. Aládùúgbò mi kan pàdánù odindi ebè tòmátì báyìí, ó sì padà sídìí ajílẹ̀ òyìnbó, ó ní ìgbẹ́ ẹran kì í ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́ta péré ni kò lè dúró.

Nítorí náà, ẹ kó o sínú òkìtì. Pòròpórò àgbàdo ni yóò wà nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ewé gbígbẹ tó nípọn dáadáa yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ewé tútù tàbí èèpo iṣu, lẹ́yìn náà ìgbẹ́ adìẹ tí kò nípọn ju ìka mẹ́ta lọ, pẹ̀lú omi díẹ̀. Ẹ máa tún un ṣe bẹ́ẹ̀ títí òkìtì yóò fi ga tó mítà kan, tí yóò sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí òkìtì kékeré kì í gbóná. Ẹni tí kò bá rí ewé tútù tó lè lo koríko olódòdó elésè àlùkò tó máa ń bo ojú ọ̀sà. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n kí ó sá a fún ọjọ́ méjì, nítorí omi inú rẹ̀ pọ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo fi ń bo tèmi kí òjò má baà fọ̀ ọ́ ṣòfò.

Ẹ ki ọ̀pá irin kan bọ àárín rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ fà á yọ, kí ẹ sì dì í mú: bí ọwọ́ yín bá gbà á láìjá a sílẹ̀, òkìtì náà kò tíì gbóná tó, omi tàbí ìgbẹ́ ló kù sí i. Ní ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá ni kí ẹ máa yí i, kí ti ìta bọ́ sínú. Bí ó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, omi ti pọ̀ jù. Ẹ po ewé gbígbẹ mọ́ ọn. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, tí kò bá gbóná mọ́, ẹ bu díẹ̀ sínú agolo tòmátì, kí ẹ sì fọ́n hóró tẹ̀tẹ̀ sí i. Bí ó bá hù tí kò sì rọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti jinná. Bí ó bá rọ, ẹ dá a padà sínú òkìtì.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí ìgbẹ́ ẹran ṣe ń di oúnjẹ ilẹ̀ lè lọ sí Songhaï, ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní ìlú yìí ní 1985.

Ti kòkòrò kò le. Ẹ gún kílò kan ewé dóńgóyárò tútù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà márùn-ún di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì po ọṣẹ ìbílẹ̀ tí à ń pè ní kòtó díẹ̀ mọ́ ọn. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ́n ọn, nítorí oòrùn máa ń pa agbára rẹ̀. Ẹ má ṣe yá ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi fọ́n oògùn apakòkòrò sí oko òwú rí. Ìgbálẹ̀ ni èmi ń rì sínú garawa, tí mo sì ń gbọ̀n sára ẹ̀fọ́, lórí ewé àti lábẹ́ rẹ̀, níbi tí kòkòrò máa ń sá sí.