Orin rọ́ọ̀kì mẹ́ta tí mo gbé lọ sí Ẹ̀gbẹ́

Orin méjìlá ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ láti Kàbbà, lórí WhatsApp, lálẹ́ ọjọ́ kan tí dátà mi fẹ́ tán. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ẹ̀gbẹ́ ni mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí. Ó ti pẹ́ tó ti ń bi mí pé kí ni mo ń gbọ́ tí mo fi máa ń mi orí bí alángbá. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tó fi ká ohùn rẹ̀ ránṣẹ́: "Ṣé o ti gbé ẹ̀rọ ìlọta wọ yàrá ni?"

Ẹ̀bi mi ni. Orin tó lókìkí jù ti Nirvana, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ní Amẹ́ríkà, ti ọdún 1991, ni mo fi síwájú, fún ẹni tí etí rẹ̀ ò mọ gìtá tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba ohùn rẹ̀ jẹ́. WhatsApp tún ti yí orúkọ gbogbo wọn sí AUD àti nọ́ńbà, kò mọ ẹni tó kọ èwo. (Ká ní mo fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì ni, orúkọ wọn ò ní sọnù.)

Mo yọ mẹ́sàn-án kúrò. Ó dùn mí, torí orin ẹgbẹ́ Pixies wà níbẹ̀, Kurt Cobain tó ń kọrin fún Nirvana fúnra rẹ̀ sì sọ pé tiwọn lòun ń gbìyànjú láti ṣe nígbà tóun kọ orin Nirvana yẹn. Ṣùgbọ́n ata-gìtá ni mo fẹ́ gbé orin fún, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè bá ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Mo kó mẹ́ta sórí mẹ́mọ́rì káàdì. Nígbà tó di Sátidé, mo wọkọ̀, a gba Mọ̀pà, a gba Ìsánlú. Ẹ má jẹ́ n sọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn.

Màmá rẹ̀ wà lójúde, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. "Òkun o, ọmọ mi." Mo dọ̀bálẹ̀.

Orin ẹgbẹ́ R.E.M. ni mo fi ṣáájú, *Losing My Religion*. Ó ka orúkọ yẹn lójú fóònù, ó yíjú wo ìyá rẹ̀. "Ẹ̀sìn ta ló sọnù?" Mo ní ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti wá, bí sùúrù bá tán lára èèyàn ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó rọra mí. Mandolin tó wà nínú rẹ̀, ohun èlò olókùn tó dà bíi gìtá kékeré, ló wá mú un. Peter Buck, ata-gìtá wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni, ó ṣì ń kọ́ ọ nígbà tí ohùn yẹn bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló ta eléyìí? Tún un fi sí i."

Èkejì ni *Zombie* ti ẹgbẹ́ Cranberries, 1994. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ti Fẹlá. Mo ní rárá: sọ́jà ni Fẹlá ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ní 1976, ọmọ méjì tí bọ́ǹbù pa ní Warrington, ní England, lọ́dún 1993 ni Dolores O'Riordan, akọrin Cranberries, ń ṣọ̀fọ̀. Màmá ò gbọ́ gbogbo àlàyé yìí. Nígbà tí ohùn obìnrin náà ṣẹ́ lọ́nà ọ̀fun, ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà. "Ẹkún lọmọ yìí ń sun."

Ìkẹta ni *Creep* ti ẹgbẹ́ Radiohead. Èyí tí wọ́n ṣe fún rédíò ni mo gbé wá, torí ọ̀rọ̀ rírùn kan wà nínú ti inú àwo. Kọ́ọ̀dù (àwọn ohùn tí wọ́n ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) mẹ́rin péré ló ń yí po. Ọ̀rẹ́ mi gbé gìtá, ó ta G, ó ta B, ó ní kí ni B méjọ̀ ń wá níbẹ̀, ó ta C. Nígbà tó dórí ìkẹrin, ó dúró. C náà ṣì ni, ṣùgbọ́n ó ti di máínọ̀: ohùn kan ṣoṣo ló rẹlẹ̀ díẹ̀, gbogbo orin sì ṣókùnkùn. Ó ta á tó ìgbà mẹ́wàá.

Mo sọ fún un pé orin yẹn ti tutù jù lójú Jonny Greenwood, ata-gìtá wọn, ló ṣe fẹ́ fi gìtá bà á jẹ́, tó ń gbá okùn kó tó kan ègbè. Ó rẹ́rìn-ín, òun náà gbá a: kẹ̀ù! kẹ̀ù!

"Ẹ̀rọ ìlọta dé," mo ní.

Lọ́sẹ̀ kejì, ohùn rẹ̀ tún wọlé. Nígbà ọrẹ, ó ti sún C sí máínọ̀, pásítọ̀ sì bojú wẹ̀yìn. Ó ní mẹ́sàn-án tó kù ńkọ́?