Àlejò láti ìlú òkèèrè fẹ́ gbalé ládùúgbò yín? Bẹ́ẹ ṣe máa ṣe é rèé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onílé n'Ìbàdàn. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò wa l'Ọ́jọ́ọ̀. Látìgbà tílé ti bú gbàmù ní Bódìjà ní January 16, 2024, tí Gómìnà Mákindé sì sọ pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó nǹkan abúgbàmù pamọ́ sílé kan níbẹ̀, kò sí mítìn tá a ṣe tẹ́nì kan ò ní sọ pé ká má gba àjèjì mọ́ rárá. Mi ò gbà. Ẹrù tó wà nínú ilé ló pààyàn lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ló yẹ ká máa ṣọ́.

Torí náà, ìbéèrè kan náà ni kẹ́ ẹ máa bi gbogbo ayálégbé: orúkọ, fọ́tò, nọ́ńbà fóònù, iṣẹ́ tó ń ṣe àti ibi tó ti ń ṣe é, pẹ̀lú onídùúró kan tẹ́ ẹ lè lọ bá nílé. Ẹ bi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ náà o, torí tó bá jẹ́ àlejò nìkan lẹ̀ ń yẹ̀ wò, ọmọ ìlú tó fẹ́ ṣebi á kàn rìn kọjá lójú yín ni.

Tó bá kan ìwé, ọmọ Tógò, Bẹ̀nẹ̀, Gánà àtàwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS yòókù ò nílò fíísà, àdéhùn 1979 ti fún wọn ní 90 ọjọ́, ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ á lọ gba káàdì ìgbélùú lọ́dọ̀ Imigiréṣọ̀n. Nìjẹ̀, Màlì àti Bùrùkínà Fasò kúrò ní ECOWAS ní January 2025, ṣùgbọ́n ECOWAS ní ká ṣì máa gba ìwé wọn ná. Ará Ṣáínà tàbí Lẹ́bánónì tó ń ṣiṣẹ́ níbí, CERPAC, ìyẹn káàdì ìgbélùú àwọn àjèjì tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, lẹ máa ní kó mú wá.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń lẹ táìsì wá gba yàrá kan, ará Lomé ni, sìmẹ́ńtì ṣì wà lábẹ́ èékánná ẹ̀. Bó ṣe ń tú páásípọ́ọ̀tù ẹ̀ jáde nínú ọ̀rá báyìí ni bàbá kan ní "Ẹ lé e, kò gbọ́ Yorùbá." Mo ṣí ìwé náà títí mo fi dé ojú ewé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, mo fìka ọwọ́ ka ọjọ́, ó ṣì ku ogójì ọjọ́. Mo wá pe bàbá yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rán an létí pé Kùmásí ní Gánà ni wọ́n bí òun náà sí, ó sì wà lára àwọn àjèjì tí Gánà ní kí wọ́n kó ẹrù wọn kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ní 1969. Kò sọ̀rọ̀. A gba ọmọ náà sílé, ọ̀gá ẹ̀ ló sì mú un lọ sọ́dọ̀ Imigiréṣọ̀n kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù, kẹ́ ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀, ẹ má gbà á pamọ́ láé.

Lẹ́yìn tó bá ti kó wọlé, ìwà lẹ máa wò. Ẹni tó san owó ọdún méjì láìnájà àmọ́ tí ò fẹ́ mú onídùúró wá, ẹni tó ń já àpò lóru, yàrá tí wọn ò fẹ́ kí onílé dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀, òórùn kẹ́míkà. Ẹ kọ ọ́ sínú agírímẹ́ǹtì látìbẹ̀rẹ̀ pé onílé lè wọlé wò tó bá ti sọ fún wọn ṣáájú. Tọ́kàn yín ò bá balẹ̀, ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn ni kẹ́ ẹ pè, ẹ má fipá já ilẹ̀kùn, ẹ má sì na ẹnikẹ́ni.

Ìwé tẹ́ ẹ kọ orúkọ sí, ọwọ́ ẹnì kan ni kó wà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju fọ́tò páásípọ́ọ̀tù ẹni ẹlẹ́ni sórí WhatsApp àdúgbò, òfin ti wà lórí ìyẹn láti 2023.